Pẹ́dàlì Tí Mo Ṣe fún Gìtá Ọkọ Mi

Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ni bàbá mi kọ́ mi, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ní Ìwó ń kọ́ aṣọ rírán àti irun ṣíṣe. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu rẹ̀. Bí mo bá ti ilé kéú dé, ọ̀dọ̀ wọn ní ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń lọ, tí n óò máa wo bí òjé ṣe ń yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná, tí yóò dán bí omi, tí yóò sì ti le kí n tó ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, wọ́n kàn na irin náà sí mi pé kí n gbìyànjú ẹ̀ wò. Bàbá mi ti lọ báyìí. Rédíò pàápàá ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, fóònù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá fún mi. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ṣì wà, ní ìdí tábìlì wọn tí òjé ti jó lójú káàkiri.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi. Ó gbé ámpù wá, ẹ̀rọ tí gìtá ń gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ó ń kùn bí oyin. Mo tún un ṣe. Kò pẹ́ tó tún gbé e padà wá, mo tún un ṣe. Ẹ̀yìn ìgbéyàwó ló tó jẹ́wọ́ fún mi pé ní ìgbà kejì yẹn, òun fúnra òun lòun já wáyà inú rẹ̀.

Pátákó kíkọ niṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, sára ọkọ̀ akẹ́rù, sára ògiri ilé ìwé, láti Ìwó títí dé Ilé-Ogbó tí wọ́n ti bí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, gìtá ló máa ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìmàle ni wọ́n bí mi sí, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí òun sí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìyẹn kì í dá ìgbéyàwó dúró. A bí ìbejì, àwọn yẹn ti dàgbà, wọ́n ti lọ ilé ìwé ní Ìlọrin, ó wá ku àwa méjèèjì nílé.

Ọjọ́ tí àìsàn dé, orí àkàbà ló wà ní Kuta, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú un, ó tún gun àkàbà, búrọ́ọ̀ṣì tún bọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún mú un, ọwọ́ ọ̀tún kò dá a lóhùn mọ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sẹ́yìn láàárín ọkùnrin méjì, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọ̀dà búlúù sì wà ní gbogbo ìka rẹ̀. Ọ̀dà yẹn ni mo kọ́kọ́ ń nù, bí ẹni pé òun ni àìsàn náà.

Ní ilé ìwòsàn tí a lọ ní Òṣogbo, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí a padà dé ilé, ìyá rẹ̀ ti Ilé-Ogbó wá gbé pẹ̀lú wa. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi àdí pa ọwọ́ náà, wọn a máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, wọn a ní kó dìde, pé ilẹ̀ ti mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu ọkọ mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀lé òsì, pẹ̀lú ọ̀pá. Ọwọ́ ló kọ̀ tí kò tètè bọ̀. Ó lè di ife mú, àmọ́ bó bá gbé e dé ẹnu, omi á ti dà sí i láyà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé gìtá wá. Nínú gìtá, ọwọ́ òsì ló ń tẹ okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ láti yan ohùn, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ta okùn náà kó tó dún. Ọwọ́ òsì ọkọ mi ṣì mọ gbogbo ọ̀nà. Ọ̀tún ni kò lágbára àtita. Ó fi ìka kan okùn, ohun tó jáde nínú ámpù kò ju igbe ẹ̀fọn lọ, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Mo yí ohùn ámpù sókè, kíkùn lásán ló gba yàrá kan. Ó tún gbìyànjú, ó tún gbìyànjú. Ìgbà tó yá, ó ní kí n fi aṣọ wé gìtá náà, kí n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, bí mo bá sì rí ẹni tó fẹ́ ẹ, kí n fún un.

Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. N kò wá ẹnikẹ́ni.

Ó wá di pé bó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, á gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ lé itan. Mo rò pé kó má baà ṣubú ló ṣe ń gbé e síbẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo ń ṣa ẹ̀wà níwájú rẹ̀ ni mo rí i pé ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń rìn lórí ọ̀pá náà. Á tẹ ibí, á fà á lọ sísàlẹ̀, á dúró, á gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. Orin ló ń ta lórí igi, láìsí okùn, láìsí ìró. Kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Mo dojú kọ ẹ̀wà mi, àmọ́ èyí tó dára ni mo ń dà nù mọ́ èyí tí kò dára.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí mo lè ṣe. Mo ti gbọ́ nípa pẹ́dàlì tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ ti tún ọ̀kan ṣe rí fún ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Àpótí kékeré ni, tí onígìtá ń gbé sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, láàárín gìtá àti ámpù. Bó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á yí padà. Èyí tí mo rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù jẹ́ méjì nínú àpótí kan. Apá kìíní á gba ohùn tó rẹlẹ̀, á gbé e sókè, kò ní fi nǹkan mìíràn kún un. Apá kejì á ti ohùn náà kọjá ibi tó yẹ kó dúró, títí yóò fi há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti ń kọrin láti àárọ̀. Ohùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kú. Ẹni tó rọra ta okùn àti ẹni tó ta á kíkankíkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù mi, mo gbé fóònù oníbàárà tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

Wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní Èkó. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, n kò sì fẹ́ ohun tí yóò tún já a kulẹ̀. Mo pinnu pé èmi ni n óò ṣe é.

Apá kìíní kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Tiransísítọ̀ kan ṣoṣo ló nílò, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tín-ín-rín tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá nínú rédíò. Apá kejì ló dà mí láàmú. Tiransísítọ̀ tuntun tí mo kọ́kọ́ fi ṣe é ń dún bí ayùn tí ń gé páànù. Mo wá rántí àwọn rédíò onígi tí bàbá mi kó sí àjà, tí àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbé. Tiransísítọ̀ àtijọ́ ló wà nínú wọn, èyí tó ní fìlà irin. Mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, mo gbọn eruku wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n. Bí mo ṣe ṣí ọ̀kan, mo rí ọwọ́ bàbá mi níbẹ̀. Òjé wọn máa ń kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó máa ń mọ́ roro, n kò tíì rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè gbé irin gbígbóná lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiransísítọ̀ náà ti kú. Èyí tó ṣì yè nínú wọn, ohùn rẹ̀ rọ̀ lẹ́tí, ó há, kò sì gé ni.

Mo gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀, láìní àpótí, wáyà rẹ̀ ta síta bí ẹsẹ̀ alákàn. Ìyá ọkọ mi wà nílé ìdáná. Mo gbé gìtá sọ̀ kalẹ̀, mo tú aṣọ ara rẹ̀, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọkọ mi ń wò mí láti orí àga. Mo tan ámpù. Kí n tó kan okùn, ohùn ọkùnrin kan jáde nínú ẹ̀rọ náà, ó ń polówó àgbo ẹ̀yìn ríro, ó ní bí ẹ bá mu ún, ẹ óò máa sáré bí ọmọ ogún ọdún. Wáyà mi ti lọ gbé ohùn ilé iṣẹ́ rédíò.

Màmá yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n ń nu ọwọ́ sára ìró wọn. Wọ́n béèrè pé ta ló wá kí wa, kí la ò ṣe fún un lágà.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé láti Kuta, kò tíì rẹ́rìn-ín tó jáde síta. Ẹ̀rín náà wọ́ sápá òsì, apá ọ̀tún kò tẹ̀lé e dáadáa, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi lójú. Màmá dúró, wọ́n ń wò ó. Àwa obìnrin méjèèjì kò bá a rẹ́rìn-ín. A kàn ń wò ó ni.

Irin ló máa ń dá ohùn rédíò dúró. Mo nílò àpótí onírin tó nípọn. Mo lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi alumíníọ̀mù àlòkù rọ ìkòkò lẹ́yìn ìlú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní mo fẹ́ àpótí tí kò ju ìwọ̀n àwo ọṣẹ méjì lọ, kó ní ìdérí. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní nítorí àìsàn ọkọ mi ni. Wọ́n gbé ojú kúrò lára mi, wọ́n ní àwọn kì í rọ ohun oògùn tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Ó di dandan kí n mú fóònù jáde, kí n fi àwòrán pẹ́dàlì hàn wọ́n, kí n sọ ọ̀rọ̀ gìtá, ọ̀rọ̀ pátákó, ọ̀rọ̀ ọwọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

Wọ́n ní, “Ọwọ́ wo ni?”

Mo ní, “Ọ̀tún ni, Bàbá.”

Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún tiwọn sí mi. Irin yíyọ́ ti dà sí i nígbà kan rí, ìka méjì ti lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ní, “Èyí ló ń rọ ìkòkò tí gbogbo ìlú ń jẹ nínú ẹ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po yanrìn tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí fún àpótí mi kí n tó dìde nílẹ̀.

Àpótí náà rí wúruwùru nígbà tó tutù. Mo fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin ha á, mo lu ihò sí i. Swíìṣì ni wàhálà tó kù. Èyí tí wọ́n ń lò fún pẹ́dàlì le, àfi kéèyàn gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ mi kò lè ṣe é, òsì sì ló fi ń dúró. Mo yọ méjì lára iná ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó ti bàjẹ́, irú èyí tí àtàǹpàkò lásán lè tẹ̀. Mo fi ìdérí ìgò onírọ́bà bò wọ́n lórí, kí ẹsẹ̀ lè tètè rí wọn. Mo gbé àpótí náà dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀, kó má baà nílò àtigbé gìgísẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e síwájú rẹ̀, ó jókòó, ó gbé gìtá lé itan, ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ apá kìíní. Ó kan okùn. Ohùn náà jáde, ó mọ́, ó kún ilé. Ó tẹ apá kejì mọ́ ọn. Ó kan okùn kan ṣoṣo, ohùn náà dìde, ó há, ó dúró sínú afẹ́fẹ́, kò lọ. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Ìbejì, o ṣeun. Àmọ́ èmi kọ́ nìyí. Ẹ̀rọ rẹ ló ń ta gìtá.”

Màmá ni wọ́n sọ̀rọ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, “Ọ̀pá tí o fi lọ sí ilé ìwẹ̀ láàárọ̀, ṣé òun ló wẹ̀ ni?”

Ọkọ mi jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wo okùn gìtá. Mo bá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ìgbà tí mo wà níbẹ̀ ni mo gbọ́ ọ. Kò ta púpọ̀. Ohùn kan, á dúró. Òmíràn, á dúró. Níbi tó ti máa ń da ohùn jọ wìrìwìrì tẹ́lẹ̀, ó ń fi ẹyọ kan lélẹ̀ báyìí, ó ń dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo mọ orin náà. Òun ló ń ta lórí ọ̀pá ní ọjọ́ tí mo ń ṣa ẹ̀wà. Mo fi aṣọ tútù bojú.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sán tí kì í ta á bí iná bá wà. Bí kò bá sí iná, á ní kí n tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí n bá òun wá ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù. N kò bi í léèrè. Ó fi ọwọ́ òsì kọ “GBÉ” sí abẹ́ swíìṣì kìíní, ó kọ “HÓ” sí abẹ́ èkejì tí ohùn rẹ̀ ń hó yèè. Lẹ́tà náà wọ́, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, àmì orí wọn sì fẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bí ó bá kọ “O” sára ògiri, ìwọ á rò pé ó fi ìdí àwo yí i ni. Ó wò ó títí, ó fẹ́ fi kẹrosíìnì nù ún kúrò. Mo gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Díẹ̀ ló ràn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá kí i nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó bá a lórí gìtá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́ kó tó kan ilẹ̀kùn. Ó ní kó wá sí ìdánrawò. Ọkọ mi ní òun kò lè sáré bí orin wọn ṣe ń sáré mọ́. Ọkùnrin náà ní kó máà sáré, kó jókòó, kó máa ta ibi tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n dán an wò, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sí GBÉ. HÓ ni àwọn ìyá kan ní ó dà bí ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gòkè. Ọkọ mi gbà fún wọn. Ó ní orin ìdúpẹ́ nìkan lòun yóò máa lò ó fún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọ́kọ́ lọ, èmi ni mo gbé àpótí náà sínú àpò mi, Màmá di gìtá mú nínú kẹ̀kẹ́ bí ẹni gbé ọmọ. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Nínú orin ìyìn, n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ láàárín àwọn yòókù. Nígbà tó kan ìdúpẹ́, tí àwọn akọrin dákẹ́ láti mí, ni mo rí i tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sún. Ohùn kan ṣoṣo ló ta. Ó há, ó gùn, ó ń gbọ̀n díẹ̀ níbi tí ìka rẹ̀ ti ń mì í, ó sì kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin padà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀. Olórí akọrin gbé ọwọ́ sókè, ó fi í síbẹ̀, ó ń retí kí ohùn náà parí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó pè é ní ariwo gbé iborùn sẹ́nu. Ọkọ mi kò wo ẹnikẹ́ni. Ó di ojú, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, mo sì rí i bó ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ gbé ámpù wọ ṣọ́ọ̀bù wa.

Ọwọ́ ọ̀tún kò padà sí bó ṣe wà. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé pẹ́dàlì wo rọpárọsẹ̀ sàn. Omi ṣì ń dà sí i láyà bí ife bá kún jù. Kò gun àkàbà mọ́. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ pátákó kéékèèké lórí tábìlì, fún àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àwọn tó ń gba ilé fún ayálégbé, àwọn ènìyàn sì ń mọ ìkọ̀wé náà yàtọ̀ nítorí pé ó wọ́. Màmá ti padà sí Ilé-Ogbó, wọ́n ní oko àwọn ti di igbó. Àwọn onígìtá kan ti wá bá mi pé kí n ṣe irú rẹ̀ fún wọn, mo sì ti ṣe, ṣùgbọ́n tiransísítọ̀ tó rọ̀ lẹ́tí bẹ́ẹ̀ ti tán nínú rédíò bàbá mi.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ọkọ mi kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi béèrè nǹkan rí. Ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ, ibi tí mo bá ní ká lọ ló ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, òun nìkan, ó gbé àpótí náà sábẹ́ abíyá. Mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo ti ń wá irin mi. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ìka kan ibi tó ṣófo láàárín àwọn swíìṣì méjèèjì.

Ó ní, “Mo fẹ́ kí o fi ẹ̀kẹta síbí.”

Mo ní, “Kí ni ẹ fẹ́ kó máa ṣe?”

Ó ronú. Ó fa àga oníbàárà, ó jókòó.

Ó ní, “Mi ò tíì mọ̀. Ṣáà kọ́kọ́ lu ihò náà.”